Ọjọ́ Tí Ìbò Mú Bámitálẹ́

"Bámitálẹ́ ni."

Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé ló ka orúkọ náà, ó kà á bí olùkọ́ ṣe ń ka orúkọ ọmọ iléèwé láàárọ̀. Òkúta funfun tí ẹ̀rọ ìbò pọ̀ jáde ṣì ń yí lórí tábìlì, orúkọ ara rẹ̀ ń yọjú, ó ń sá pamọ́. Òǹkọ̀wé mẹ́fà ló jókòó yí tábìlì náà ká, gbogbo wọn sì wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú Ìbídùn.

Ìbídùn ni olórí wọn. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń kọ *Ojúlé Kẹtàdínlógún*, eré tó jẹ́ pé tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ọbẹ̀ á máa jóná lórí iná ní gbogbo Ṣakí àti agbègbè rẹ̀. Ó ti rí i tí òkúta yìí mú arúgbó pé kó kú nínú eré. Ó ti rí i tó mú ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Lọ́dún kan ó tiẹ̀ mú ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìlú sunkún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìbídùn ò sunkún. Iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Bámitálẹ́! Oyèkànmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló ń ṣe Bámitálẹ́, Oyèkànmí náà sì ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún méjì ó lé oṣù mẹ́rin.

"Ẹ tún un dì," ló wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mọ̀ pé a kì í tún un dì." Fákúnlé kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Àjọ Amójútó Eré ló rán an wá, bí wọ́n ṣe ń rán an wá lóṣooṣù. Ó nu òógùn iwájú orí. "Iye ọkùnrin ẹgbẹ́ Bámitálẹ́ tó kú nílùú lóṣù tó kọjá la kó sínú ẹ̀rọ, òun náà ló wá yan ẹni tí yóò ṣojú fún wọn. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín."

"Èmi mọ̀ ọ́n."

"Torí pé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n náà ni wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ yín, mà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìbídùn wọra, nítorí òótọ́ ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́mọge, òǹkọ̀wé ló ń pa ẹni tó bá wù ú. Àwọn kan á dédé pa akọni kí ariwo lè sọ, àwọn kan á gba rìbá kí wọ́n tó dá ẹnìkan sí, títí àwọn òǹwòran fi dáná sun ilé eré kan nítorí ọmọge tí wọ́n pa lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ìgbà náà ni ìjọba gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, wọ́n gbé e fún ẹ̀rọ tí kò ní ìyekan.

Fákúnlé ka Òfin Eré-bí-Ayé sí wọn létí wéréwéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n lórí. Kò gbọdọ̀ sí orin. Kò gbọdọ̀ sí àlá burúkú ṣáájú. Ẹni tó máa kú ò gbọdọ̀ dágbére, kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó jọ ìdágbére. Ikú gbọdọ̀ dé bó ṣe ń dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú tí òṣèré náà fi ṣeré ò gbọdọ̀ yọ nínú eré kankan fún ọdún méje.

"Ìyẹn tó bá jẹ́ alààyè," Fákúnlé wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Tó bá jẹ́ àwòrán tí ẹ̀rọ ń mú rìn, bíi ti ẹ̀gbọ́n yín, a ó pa á rẹ́. Ẹ má bínú, mà."

"Àǹfààní ìpààrọ̀ tí mo ní ńkọ́?"

"Ẹ ṣì ní in. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni láyé yín." Ó tẹ ẹ̀rọ náà lórí. Òkúta kejì jáde, èyí ò yí rárá, orúkọ wà lókè gedegbe: Àwẹ̀ró. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́, Àwẹ̀ró lè kú dípò rẹ̀. Kí n gbọ́ èsì yín kó tó di ọ̀sán ọ̀la."

Àwẹ̀ró ni ìyàwó Bámitálẹ́ nínú eré. Tinúadé ló ń ṣe é, Tinúadé sì wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń bímọ, owó eré yìí ló fi ń jẹun ọ̀hún. Ìbídùn kó òkúta méjèèjì, ó lọ ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá.

Kì í ṣe pé Ìbídùn ò mọ̀ pé òkú ti kú o. Màmá, ìyá wọn, ni kò mọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni Màmá, Oyèkànmí sì ni àkọ́bí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ yẹn pè é rí, Àkàndé ló ń pè é. Lọ́jọ́ tí Oyèkànmí kú, ọsibítù ni Màmá wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ eegun ìbàdí fún un. Bàbá Ìgànnà, àbúrò bàbá wọn, kó ẹbí jọ sẹ́yìn ọsibítù níbẹ̀, ó sì nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ fún un. Ta ló ń sọ fún arúgbó pé ọmọ rẹ̀ kú? Ọjọ́ tó bá gbọ́ ni òkú máa di méjì." Bí wọ́n ṣe sin Oyèkànmí sí Ìgànnà nìyẹn, láìsí igbe, tí wọ́n nu ojú nù kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló hun irọ́ tó tẹ̀ lé e, òun ṣáà ni òǹkọ̀wé. Ó sọ fún Màmá pé òfin tuntun ti dé: wọ́n ti kó àwọn àgbà òṣèré sínú ọgbà kan, kò sí àbẹ̀wò, kò sí ìpè, kí àṣírí ẹni tó máa kú má bàa tú síta. Inú ọgbà náà ni wọ́n máa wà títí ẹni tí wọ́n ń ṣe yóò fi jáde nínú eré. Màmá gbà á. Ó ní iṣẹ́ ọba le. Bó ṣe ń rí ojú ọmọ rẹ̀ lára ògiri tí eré ti ń hàn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó tó o. Tó bá ní, "Àkàndé yìí ti rù o," Ìbídùn á lọ sọ fún àwọn tó ń tọ́jú àwòrán lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n bu ẹran díẹ̀ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ ìbí Màmá, Bámitálẹ́ á dédé gbàdúrà fún gbogbo abiyamọ tó ń wòran. Màmá á ṣe àmín, á sọkún ayọ̀.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Tinúadé ni. Kò dúró kí wọ́n ní kó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ìbò kejì mú mi."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ilé eré la wà. Kí ló ń fara sin níbí?" Ó wo òkúta méjèèjì lórí tábìlì. "Ṣé mo máa kú?"

"Ọdún méje ni, Tinúadé. Mo mọ̀ pé ọdún méje kì í ṣe ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n Màmá..."

"Mo mọ Màmá. A jọ gbé pósí ẹ̀gbọ́n yín ni." Tinúadé fọwọ́ pa orúnkún. "Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ kan fún yín, kẹ́ ẹ má sì bínú sí mi. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀. Lárààárọ̀ wọ́n á gbé àga síwájú mi, wọ́n á ní Bámitálẹ́ ló jókòó síbẹ̀ yẹn, rẹ́rìn-ín sí i. Mà á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní bá a jà. Mà á bá a jà. Tó bá dọ̀sán ni ẹ̀rọ á tó wá gbé e sórí àga. Ọkọ mi rò pé ó ń rẹ̀ mí ni. Kò rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tẹ́ ẹ bá pa mí, mi ò ní jà. Mà á lọ bá àwọn ará Èkó tí òkun lé wá síbí, mà á máa bá wọn ṣe oko ẹja, ebi ò ní pa mí kú. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíì lẹ máa gbé síwájú àga yẹn."

"Torí Màmá ni mo ṣe ń ṣe é!"

"Hẹ̀n-ẹ́n? Ta ló ń kọ ohun tó ń sọ? Ta ló ń mú un ṣẹ̀fẹ̀? Ta ló ń fi í yan àwọn tó bá ṣẹ̀ yín lódì? Ẹ̀yin náà kúkú ń bá a gbé ni. Ọjọ́ wo lẹ sunkún ẹ̀gbọ́n yín, Ìbídùn?"

Ó pè é lórúkọ lásán bẹ́ẹ̀. Ìbídùn dìde, ó sì bú u. Ó ní jáde, aláìmoore, ó ní ta ló mú un wọ eré, ó sọ ohun tí kò yẹ kí àgbàlagbà sọ. Tinúadé kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn tó lọ tán, Ìbídùn wá ìdáhùn sí ìbéèrè náà nínú ara rẹ̀. Kò rí ọjọ́ kankan. Láti ibojì ló ti lọ sí ọsibítù, ẹ̀rín ló sì rín wọlé tọ Màmá.

Ó jáde lọ ju òkúta Àwẹ̀ró padà sínú ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú ohun tó máa kọ. Ilé Ìbídùn gan-an ni Oyèkànmí ti kú, láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí oòrùn ràn dáadáa. Ó ti jẹ àkàrà, ó ti fi ògì sún un lọ sísàlẹ̀, ó ń múra àtijáde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà. Ó ní, "Ìbídùn, bá mi bu omi." Nígbà tí Ìbídùn gbé omi dé, ó ti wà nílẹ̀, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀, okùn èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ̀ sọ! Ó ní, "Dìde jọ̀ọ́, ilẹ̀ tutù." Òṣèré ṣáà ni Oyèkànmí, Ìbídùn rò pé eré ló ń ṣe. Ó tiẹ̀ fi ẹsẹ̀ tì í. Ó mu omi náà fúnra rẹ̀, ó gbé ife sílẹ̀, kó tó wá rí i pé àyà rẹ̀ ò lọ sókè.

Gbogbo ẹ̀ ló kọ, ó sì fún Àwẹ̀ró ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ. Fákúnlé kà á lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. "Ó jọ tayé, mà," ló wí, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Bí Tinúadé náà ṣe bá àga òfìfo ṣeré ọ̀hún, ó ní, "Dìde jọ̀ọ́, ilẹ̀ tutù," nígbà tí wọ́n sì parí, ó wá dìrọ̀ mọ́ Ìbídùn.

Ọjọ́ Ẹtì ni eré náà máa jáde. Bàbá Ìgànnà ti pe Ìbídùn láàárọ̀ pé kó sọ fún Màmá pé Àkàndé ti gba iṣẹ́ míì ní Gánà, pé inú ọgbà ló ti kọjá lọ síbẹ̀. "Irọ́ kì í tán lẹ́nu ẹ̀yin òǹkọ̀wé," ló wí. Ìbídùn ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn sí i, ó gba oògùn ọkàn lọ́wọ́ dókítà, ó wọ ọkọ̀ aláìnídírẹ́bà, ó dé ilé Màmá ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀. Ìbẹ̀rù kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: kí Màmá rí i tí ọmọ rẹ̀ ṣubú, kí àyà rẹ̀ má sì gbà á. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, oògùn wà nínú báàgì.

Ògiri tàn. Bámitálẹ́ jẹ àkàrà. Ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi bàtà, ó ní bá mi bu omi. Àwẹ̀ró gbé omi dé. Kò sí orin, kò sí nǹkan kan. Ife ni ohun ìkẹyìn tí wọ́n fi hàn, ògiri sì padà di ògiri.

Ìbídùn ti fi ọwọ́ kan sínú báàgì. Àfi bí Màmá ṣe bú sẹ́rìn-ín!

"Àkàndé yìí! O ò rí bó ṣe ṣubú? Ọmọ tí kò lè ṣe òkú rí! Tí wọ́n bá ń ṣeré ogun lẹ́yìnkùlé wa níjọ́un, tí wọ́n bá ti yìnbọn fún un, ẹ̀rín ni yóò máa rín nílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa bú u. Òní ló ṣe é tó pé." Ó nu omijé ẹ̀rín, ó wá pàtẹ́wọ́. "Ó parí nìyẹn! Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́, pé ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n ń ṣe bá kú ni wọ́n máa tú wọn sílẹ̀? Ilé! Tan iná yàrá Àkàndé. Ìbídùn, ṣé iṣu wà? Kí lọmọ yẹn á ti máa jẹ nínú ọgbà láti ọdún méjì!"

Ẹ̀rọ ilé gbọ́ àṣẹ, iná tàn ní yàrá ẹ̀yìn. Màmá dìde, ó gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ń lọ.

Yé è, Ìbídùn! Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń so ìtàn pọ̀ fún ọdún mọ́kànlá, kò rí èyí. Ikú tó ń bẹ̀rù ló ti di ìtúsílẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Gánà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹ̀ lé Màmá wọ yàrá láti sọ ọ́. Ó bá a tó ń na aṣọ tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì di etí kejì mú. Wọ́n jọ tẹ́ ẹ. Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ibi tó ká jọ.

"Ṣé ọ̀la ló máa dé ni, àbí ọ̀túnla?"

Tí Ìbídùn bá sọ Gánà, Màmá á máa retí rẹ̀ láti Gánà. Á máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí títí tí òun náà á fi kú, ọmọ ò ní dé, kò sì ní sí ojú kankan lára ògiri mọ́ tó máa tù ú nínú. Ìbídùn kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jókòó."

Àgbàlagbà tí wọ́n bá ní kó jókòó kó tó gbọ́rọ̀ ti gbọ́ ìdajì rẹ̀. Màmá ò jókòó. "Sọ ọ́."

"Oyèkànmí ò sí mọ́, mà. Ó ti pẹ́."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i báyìí."

"Ẹ̀rọ ni, Màmá."

"Ó gbàdúrà fún mi lọ́jọ́ ìbí mi."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Màmá wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Ohùn kan wá láti inú àjà, ohùn ilé tó ń tọ́jú rẹ̀: "Àyà Màmá ń sáré. Ṣé kí n pe dókítà?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́," Màmá wí. Ó yíjú sí Ìbídùn. "Ìgbà wo?"

"Nígbà tẹ́ ẹ wà ní ọsibítù."

"Ta ló sin ín?"

"Àwa náà ni. Bàbá Ìgànnà, èmi, àwọn ará eré."

"Gbogbo yín." Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. "Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá síbí, tẹ́ ẹ ń jókòó, tẹ́ ẹ ń bá mi jẹun. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Èmi ìyá rẹ̀."

"A ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú ni, Màmá. Ẹ dárí jì mí."

Màmá bèèrè pé, "Ṣé bó ṣe rí gan-an nìyẹn? Níbi bàtà?"

"Níbi bàtà, mà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí."

"Tún un fi hàn mí."

"Màmá..."

"Mo ní kó o tún un fi hàn mí, Ìbídùn. Ọmọ mi kú lójú mi, ẹ̀rín ni mo rín sí i."

Ìbídùn bẹ ilé pé kó tún eré náà gbé wá. Ilé dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé Òfin Eré-bí-Ayé ò gbà kí wọ́n fi ikú hàn lẹ́ẹ̀mejì, àti pé wọ́n ti pa àwòrán òṣèré náà rẹ́ láti aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì.

"Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Màmá bèèrè.

"Mo wà níbẹ̀."

"Ó yá, ṣe é kí n rí i."

Ìbídùn rò pé òun ò lè ṣe é. Òǹkọ̀wé ni, kì í ṣe òṣèré. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń wò ó, ojú arúgbó náà ò ṣẹ́. Ó fa àga kan wá sí àárín yàrá, ó jókòó. Ó sọ àwọn ẹ̀fẹ̀ tí Oyèkànmí sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tí kò kọ sínú eré, nípa onílé wọn àti irun imú rẹ̀. Ó ní àkàrà náà ta díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi sálúbàtà rẹ̀. Ó ní, "Ìbídùn, bá mi bu omi." Ó jẹ́ kí ara rẹ̀ lọ, èjìká ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà orí. Ilẹ̀ náà tutù lóòótọ́. Ó dijú.

Ó gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá, ó gbọ́ ìmí ẹ̀dùn arúgbó tó ń fi ìbàdí ríro wá ilẹ̀ jókòó. Ọwọ́ kan wọ abẹ́ orí rẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Àkàndé," Màmá wí. "Àkàndé, ìyá rẹ dé." Ó tún un pè, ohùn rẹ̀ sì ya. Ó figbe ta. Ó béèrè ẹni tó fẹ́ kó sin òun, ó béèrè ohun tí òun ṣe, ó ní kó dìde, ilẹ̀ tutù.

Ìbídùn ò mira, òkú ṣáà ni. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú òkú náà. Màmá rí i. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó sì ń bá ẹkún rẹ̀ lọ.